Bí Agbẹjọ́rò Ìkọ̀sílẹ̀ Bá Já Oníbàárà Rẹ̀ Kulẹ̀

Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti dàrú, tó wá sún owó jọ láti gba agbẹjọ́rò, ìbànújẹ́ méjì ló máa ń bá a bí agbẹjọ́rò náà bá gba owó tán tí kò ṣiṣẹ́. Ohùn irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í sábà yàtọ̀ síra. Òmíràn ní lọ́yà òun gba owó, kò pe ẹjọ́ rárá. Òmíràn ní wọ́n ń sún ìgbẹ́jọ́ síwájú nítorí pé lọ́yà òun kì í yọjú. Òmíràn ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí òun bá a sọ ló tún padà gbọ́ lẹ́nu ọkọ òun. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí wọ́n fún ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó tọ́

Ní Nàìjíríà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí oníbàárà mọ̀ ni irú ìgbéyàwó tó ṣe. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní rẹ́jísírì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga ló lè tú u ká, gẹ́gẹ́ bí òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 ṣe là á kalẹ̀. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni ti kóòtù ìbílẹ̀. Agbẹjọ́rò tó bá gbé ìgbéyàwó rẹ́jísírì lọ síbẹ̀, ìwé tó bá gbà bọ̀ kò tú ohunkóhun ká.

Bí ilé ẹjọ́ gíga bá tilẹ̀ ti dá ẹjọ́, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tó fìdí múlẹ̀ pátápátá. Títí di ìgbà náà, tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́ lójú òfin. Nítorí náà, ẹni tí lọ́yà bá purọ́ fún pé ó ti parí, tó sì lọ bá ẹlòmíràn ṣègbéyàwó, lè kó sí wàhálà ńlá: abala 370 nínú Criminal Code ka ẹ̀wọ̀n ọdún méje sí ẹ̀ṣẹ̀ ṣíṣe ìgbéyàwó lé ìgbéyàwó.

Owó iṣẹ́

Òfin àwọn agbẹjọ́rò, Legal Practitioners Act ti ọdún 1975, kò fi oníbàárà sílẹ̀ láìní ààbò. Agbẹjọ́rò kò lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́ àyàfi tó bá ti fún un ní ìwé tó to iṣẹ́ tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ, tí oṣù kan sì ti kọjá. Bí iye náà bá dà bí ẹni tó pọ̀ jù, oníbàárà lè ní kí ilé ẹjọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ó gba rìsíìtì lórí gbogbo owó tó bá san, kí ó sì ní kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀sùn lọ

Oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti pààrọ̀ agbẹjọ́rò rẹ̀. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó dára kí ó lọ sí ọ́fíìsì rẹ́jísírà ilé ẹjọ́, kí ó béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá rí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ó ti rí ẹ̀rí ńlá nìyẹn.

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì máa ń gba ẹ̀sùn. Ìgbìmọ̀ tó lágbára láti fìyà jẹ agbẹjọ́rò ni Legal Practitioners Disciplinary Committee, tó wà lábẹ́ Body of Benchers. Ìgbìmọ̀ yìí lè bá agbẹjọ́rò wí, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà kan, ó sì lè pàṣẹ kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Ó tún lè ní kí ó dá owó padà tàbí kí ó kó ìwé oníbàárà fún un.

Yàtọ̀ sí èyí, abala 9 nínú òfin ọdún 1975 sọ pé agbẹjọ́rò tó gba owó kò lè bọ́ lọ́wọ́ àdánù tí àìbìkítà rẹ̀ bá fà, bó tilẹ̀ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní í dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n òfin náà kò mú ààbò kúrò lórí ohun tí agbẹjọ́rò bá ṣe níwájú adájọ́ nígbà ìgbẹ́jọ́.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí i pẹ̀lú: kí agbẹjọ́rò pàdánù ẹjọ́ kò túmọ̀ sí pé ó hùwà àìtọ́. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń wò ni bóyá ó ṣe iṣẹ́ tó gba owó lé lórí, bóyá ó sọ òótọ́ fún oníbàárà, àti bóyá ó pa àṣírí mọ́. Rìsíìtì, lẹ́tà àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni yóò sọ èyí, kì í ṣe ẹkún. Ẹni tó bá kó wọn pamọ́ láti ọjọ́ kìíní ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta létí ìgbìmọ̀.