Ìgbaninímọ̀ràn fún ìlera ọpọlọ ní Èkó

Ìgbaninímọ̀ràn fún ìlera ọpọlọ jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń fi ìjíròrò ṣe fún ẹni tí ọ̀fọ̀, gbèsè, aáwọ̀ ìdílé tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú. Lára àwọn ibi tí a ti ń rí i ní Èkó ni Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ fún Àrùn Ọpọlọ ní Yábàá àti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà. Yunifásítì ìlú Èkó náà ní ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìtàn

Ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ìwòsàn Yábàá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n kà sí wèrè pamọ́ sí. Títí di òní, “Yaba Left” ni àwọn ará Èkó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí wọ́n bá rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀rù irú yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tètè wá ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn ní Arọ, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn ti ń gbé láàárín ará abúlé nígbà ìtọ́jú.

Bí ìpàdé ṣe ń lọ

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, agbaninímọ̀ràn a béèrè nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ìdílé, àti bóyá èrò ikú ń wá sọ́kàn ẹni náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ jẹ́ àṣírí, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ni ìyanjú ìṣòro ní ìpele-ìpele, èyí tí Thomas D’Zurilla àti Marvin Goldfried ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1971. Bí àpẹẹrẹ, obìnrin oníṣòwò kan ní Muṣin lè wá nítorí àìróorunsùn, kó wá hàn pé gbèsè àjọ àti owó ilé ló fà á. Agbaninímọ̀ràn kò ní bá a san gbèsè, kò sì ní pàṣẹ fún un bí àgbà ilé. Wọn yóò jọ to àwọn gbèsè náà lẹ́sẹẹsẹ, obìnrin náà yóò mú èyí tó ń ni ín lára jù, wọn yóò wá oríṣiríṣi ọ̀nà àbáyọ, yóò sì yan ọ̀kan tí yóò dán wò kí ìpàdé mìíràn tó dé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn yóò gbé òmíràn yẹ̀ wò.

Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ìyá àgbà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ń lò lórí àga gbọọrọ ní Harare, Sìm̀bábúwè, nínú ètò tí Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ìjíròrò kò rọ́pò oògùn: bí àìsàn bá le, wọn a darí ẹni náà sí oníṣègùn ọpọlọ.

Òfin

Òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ní kí ilé ẹjọ́ darí ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò èyí tó ti wà láti ìgbà amúnisìn. Ó ka yíya ènìyàn sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé léèwọ̀, nítorí pé ó ní àìsàn ọpọlọ.