Àyè Iṣẹ́ Púpọ̀ Lójú Kọ̀ǹpútà Linux

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ojú iṣẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan péré. Èèyàn lè ní mẹ́rin, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí sikirínì kan ṣoṣo, kó máa bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn. Nínú àwọn ètò tó ń gbé ojú iṣẹ́ Linux kalẹ̀, workspace ni GNOME àti Xfce ń pè é, virtual desktop ni KDE ń pè é. Àyè iṣẹ́ náà ni gbogbo rẹ̀. Fèrèsé tí a bá ṣí sí àyè kìíní kì í yọjú sí ìkejì, síbẹ̀ kò kú: ìwé tó ń jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jáde lọ, fáìlì tó ń wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé lọ.

Àwọn tí iṣẹ́ oríṣiríṣi ń já lé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ló mọ iyì rẹ̀ jù. Irú wọn ni àwọn tó ń tẹ̀wé fún ará ìlú nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké láàárín Ìbàdàn, láti Ọjà Ọba dé Bẹẹrẹ àti ìdí Màpó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìwé ìpè ìgbéyàwó lè wà nílẹ̀, kí ìwé ètò ìsìnkú wà nílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì dúró pé òun fẹ́ tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú nìkan lè gba fèrèsé mẹ́rin: LibreOffice fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, GIMP fún fọ́tò olóògbé, Inkscape fún èèpo ìwé, àti fódà tí àwọn ọmọ kó fọ́tò sí. Bí gbogbo èyí bá dà pọ̀ mọ́ ti ìyàwó, kò ní pẹ́ tí fọ́tò ti ìhín yóò fi bọ́ sínú ìwé ti ọ̀hún, àṣìṣe tó wúwo gan-an lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn láti pín àyè wọn bí ìsọ̀ ọjà, kí irú kan náà wà lójú kan: gbogbo LibreOffice ní àyè kìíní, gbogbo fọ́tò ní ìkejì. Ó wuyì lójú, ṣùgbọ́n á di pé èèyàn ń sáré kiri àyè mẹ́ta kó tó parí iṣẹ́ ẹnì kan. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní àyè tirẹ̀.

Èrò yìí gan-an ló wà lọ́kàn Austin Henderson àti Stuart Card nígbà tí wọ́n ṣe ètò tí wọ́n pè ní Rooms jáde ní 1986, ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, California. Wọ́n rí i pé sikirínì kéré, fèrèsé pọ̀, wọ́n sì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Àwọn ètò orí Unix mú un lò, lára wọn ni fvwm tí Robert Nation kọ ní 1993. Nígbà tí Matthias Ettrich máa dá KDE sílẹ̀ ní Jámánì ní 1996, tí Miguel de Icaza àti Federico Mena, ọmọ Mẹ́síkò, sì bẹ̀rẹ̀ GNOME ní 1997, àwọn olùmúlò Linux ti ń retí rẹ̀. Apple kò fi í sínú Mac títí di 2007, Windows sì dúró di Windows 10 ní 2015.

Ubuntu, irú Linux kan tí Mark Shuttleworth ọmọ Gúúsù Áfíríkà gbé jáde ní 2004, ń lo GNOME. Níbẹ̀, àyè iṣẹ́ kì í ní iye pàtó: bí fèrèsé bá wọ èyí tó gbẹ̀yìn, òmíràn á yọ, bí ọ̀kan bá ṣófo, á pòórá. Ẹni tó bá fẹ́ kí iye wọn dúró lójú kan yóò wọ Settings, lábẹ́ Multitasking, yóò yan Fixed Number of Workspaces. Àṣẹ méjì yìí nínú terminal ń ṣe iṣẹ́ kan náà:

gsettings set org.gnome.mutter dynamic-workspaces false
gsettings set org.gnome.desktop.wm.preferences num-workspaces 4

Bọ́tìnnì Super, èyí tó sábà máa ń ní àmì Windows lára, pẹ̀lú Page Down ń gbéni síwájú. Page Up ń dáni padà. Bí Shift bá kún un, fèrèsé tó wà níwájú á tẹ̀ lé ni lọ. Ká ní ẹni tó ń tẹ̀wé wà lórí ètò ìsìnkú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Olóyè ṣáájú orúkọ ẹ̀gbọ́n olóògbé, nígbà tí àwọn onígbèéyàwó wọlé. Super àti Page Down, káàdì ìyàwó ti dé ojú. Ìgbà tó bá padà, kọ́sọ̀ ṣì wà lẹ́yìn Olóyè níbi tó fi í sí.

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti dàgbà máa ń rí GNOME bí ẹrù. Xfce fúyẹ́ fún un. Inú Settings Manager, lábẹ́ Workspaces, la ti ń fi àyè kún un tàbí dín in kù, ibẹ̀ náà la ti ń sọ wọ́n lórúkọ: Ìgbéyàwó, Ìsìnkú, Lẹ́tà. Ctrl pẹ̀lú F1, F2 àti àwọn tó tẹ̀ lé e ló ń gbéni lọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú KDE. Nínú i3, ètò fèrèsé tí Michael Stapelberg bẹ̀rẹ̀ ní 2009, Super tàbí Alt pẹ̀lú nọ́ńbà ló ń pè wọ́n, máòsì kò sì pọn dandan.

KDE ní ohun kan tó yẹ kí ẹni tó ń tẹ Yorùbá mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù Linux, KDE sì gbà kí àyè iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan rántí kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àyè ìsìnkú lè wà lórí Yorùbá pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn, kí àyè lẹ́tà ìwáṣẹ́ wà lórí Gẹ̀ẹ́sì, láìsí pé èèyàn ń yí i padà ní gbogbo ìgbà.

Àyè iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í jẹ mẹ́mórì tó fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan. Ètò tó ṣí sínú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Mẹ́wàá tó ṣófo kò ní da kọ̀ǹpútà láàmú, ṣùgbọ́n fọ́tò ńláńlá mẹ́rin nínú GIMP lè mú kó máa wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dáàbò bo iṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ lójijì: Xfce lè gbìyànjú láti dá àwọn ètò padà sí àyè wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a kò tọ́jú pẹ̀lú Ctrl àti S lè ti lọ. Kì í sì í ṣe kọ́kọ́rọ́, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù lè rí ìwé ẹlòmíràn. Fún ìyẹn, àkáǹtì ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà ni ojútùú.

Bí sikirínì bá jẹ́ méjì, GNOME kì í yí ju èyí tó jẹ́ àgbà lọ, àyàfi bí a bá yí ètò yẹn padà lábẹ́ Multitasking. Èyí bá ṣọ́ọ̀bù mu: sikirínì kejì kọjú sí oníbàárà pẹ̀lú káàdì rẹ̀ tó fẹ́ yẹ̀ wò, ẹni tó ń tẹ̀wé sì ń bọ́ láti àyè kan sí òmíràn lórí tirẹ̀.