Kó Tó Rìn, Kó Kọ́kọ́ Lè Dúró

Honda CD175 kan wà nínú gàréèjì ẹ̀yìn ilé kan ní Becontree, Dagenham, ní ìlà-oòrùn London. Ọkọ màmá tó ni ilé náà ló ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Ford nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá náà ti papò dà, kò sẹ́ni tó tún fẹsẹ̀ kan kíkì rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn ọkùnrin ló wá ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ó jí. Màmá ránṣẹ́ sí àgbà mẹ́káníìkì kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ọmọ Ìbàdàn tó kọ́ṣẹ́ alùpùpù ní Mọ́kọ́lá kó tó rìnrìn àjò wá sí London. Mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Òkúdù. Bí iṣẹ́ ọjọ́ náà ṣe lọ nìyí.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí Màmá ṣí ilẹ̀kùn gàréèjì. Ọmọkùnrin náà ti di sípánà mú. Lẹ́yìn tó ti dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá tán, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ fún un ni pé kó gbé sípánà náà sílẹ̀.

"Ojú ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọwọ́ á tẹ̀lé e."

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wo máṣíìnì náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ni ọmọ náà ń kọ: kébù bíréèkì iwájú ti dípẹtà, rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ti gan, eku ti jẹ wáyà lábẹ́ ìjókòó, táyà méjèèjì ti sán. Ohun rere náà wà níbẹ̀. Páànù tó bo ṣéènì yíká-yíká kò jẹ́ kí omi àti eruku ráyè dé ibẹ̀, ṣéènì náà ṣì ń dán. Ọmọ náà fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojúkò tí wáyà ti pàdé wáyà, kí ó má bàa di àròyé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà.

Wọ́n wo nọ́ńbà ara férémù àti ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi wéra pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Wọ́n bára mu. Lẹ́tà M ló parí nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tó fi hàn pé àárín oṣù Ògún 1973 sí oṣù Agẹmọ 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ti táyà kò tó bẹ́ẹ̀ nínú ọjọ́ orí, àmọ́ òun náà ti gbó. Láti ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ ọjọ́ sára táyà, méjì fún ọ̀sẹ̀, méjì fún ọdún. Mẹ́ta péré ló wà lára àwọn wọ̀nyí. Bàbá kò tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí ọmọ náà lọ kó táyà tuntun tí wọ́n ti rà wá.

Aago mẹ́jọ

Láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti tú táǹkì epo sílẹ̀, tí wọ́n da epo àtijọ́ inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì fún ibi ìdàdọ̀tí-sí ìjọba ìbílẹ̀, tí wọ́n sì fi omi gbígbóná tí wọ́n po citric acid sí rẹ ẹ́. Ásíìdì náà kì í kánjú, ìpẹtà ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Bàbá yẹ inú rẹ̀ wò, wọ́n ní kí ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bọ́ sídìí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì, wọ́n ro ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi aṣọ mímọ́ bò wọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, òrùka pístọ́ọ̀nù lè lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà. Ẹni tó bá fi gbogbo ara gun kíkì mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè ṣẹ́ òrùka náà tàbí kó ha ògiri sílíńdà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Wọ́n fi ọ́ìlì náà sílẹ̀ kó wọlé.

Aago mẹ́sàn-án

Ọmọ náà rò pé kaburẹ́tọ̀ ló kàn. Bàbá ní bíréèkì ni.

Ó bi wọ́n pé kí ló dé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì dún. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni mo ka sí ọgbọ́n ọjọ́ náà. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, ayọ̀ á gba ọkàn gbogbo èèyàn. Onítọ̀hún á ní òun kàn fẹ́ gùn ún dé ìkóríta lásán. Kò sẹ́ni tó máa padà wá tú táyà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nítorí náà, kí ó tó mọ bí a ṣe ń rìn, kí ó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dúró.

Dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì CD175, níwájú àti lẹ́yìn. Nínú rẹ̀ ni ṣúù méjì wà tó ń là láti fi ara fún dúrọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n bá fa kébù tàbí tí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí i, Bàbá fi aṣọ tútù bo imú, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù ayé ìgbà yẹn, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni Britain tó fòfin de irú rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Aṣọ rírin ni wọ́n fi nu gbogbo rẹ̀, wọ́n sì di aṣọ náà sínú ọ̀rá.

Ojú ṣúù iwájú ń dán yanran. Bíréèkì tó ń dán kì í mú, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Wọ́n pààrọ̀ méjèèjì. Wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ sára irin tó ń la ṣúù, wọ́n sì ṣọ́ra kí gíríìsì má kan dúrọ́ọ̀mù. Kébù iwájú tuntun ni wọ́n fi sí i. Ti ẹ̀yìn kì í lo kébù, ọ̀pá irin ló so ó mọ́ ẹsẹ̀. Ìpẹtà ni wọ́n ha kúrò lára rẹ̀. Wọ́n yí béárìn táyà lọ́wọ́ láti gbọ́ bóyá ó ń ha. Níkẹyìn wọ́n gbé táyà àti túùbù tuntun wọlé. Kí wọ́n tó parí, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ti kọjá.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ọ́ìlì ti wọlé. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ kíkì díẹ̀díẹ̀. Kò mì. Ọmọ náà ní kí òun fẹsẹ̀ gbá a, Bàbá mi orí. Wọ́n fi jíà tó ga jù sí i, wọ́n rọra ń yí táyà ẹ̀yìn síwájú sẹ́yìn, bí ìka méjì, bí ìka mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun kan rọ̀ nínú rẹ̀, pístọ́ọ̀nù méjèèjì gòkè, wọ́n sọ̀. Màmá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́.

Kaburẹ́tọ̀ kan ṣoṣo ló ń pín epo fún sílíńdà méjèèjì lára máṣíìnì yìí, tó jẹ́ 174cc. Nígbà tí wọ́n tú u, epo àtijọ́ ti di lílẹ̀ pupa nísàlẹ̀ rẹ̀. Ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré ti dí pátápátá. Wọ́n rẹ gbogbo rẹ̀ sínú oògùn tó ń fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tú ihò rẹ̀. Wọn kò fi wáyà gún un, nítorí bí ihò náà bá fẹ̀ sí i ní bíńtín, ìwọ̀n epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu ti yí padà nìyẹn. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà àti abẹ́rẹ́ fílọ́ọ̀tì.

Bàbá lo àkókò yẹn láti sọ̀rọ̀ epo. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 2021, E10 ni epo tó wọ́pọ̀ ní ilé epo Britain. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀tánọ́ọ̀lù ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà tí wọn kò ṣe fún un. Irú máṣíìnì yìí, E5 tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré sí ti E10 ni kí wọ́n máa rà fún un, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Bí wọn ò bá sì ní gùn ún fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n fa epo kúrò nínú kaburẹ́tọ̀.

Aago méjì ọ̀sán

Màmá gbé àmàlà àti ewédú wá. Ní Ripple Road, ní Barking, ni wọ́n ti ra èlùbọ́ rẹ̀. Ibi oúnjẹ yìí ni ìtàn ti jáde.

Bàbá ní 1975 kò ní kúrò lọ́kàn àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìgbìmọ̀ Jerome Údójì ti jábọ̀ lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, nígbà tí ìjọba sì san àjẹsílẹ̀ owó náà, ọ̀pọ̀ tíṣà àti akọ̀wé fi ra alùpùpù. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn dé iléèwé abúlé tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń gbúròó rẹ̀ láti òkèèrè. Kó tó di 1979 tí Honda dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wọlé, iwájú ìta ni àwọn mẹ́káníìkì sì ti ń tún wọn ṣe. Kò sí ìwé ìtọ́ni níwájú ọ̀gá wọn ní Mọ́kọ́lá. Etí àti ìka ló fi ń ṣe é, ọmọ iṣẹ́ ń wò ó, ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ọ.

Màmá náà sọ tiwọn. Àwọn ilé Becontree tí wọ́n ń gbé yìí, London County Council ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní 1921. Nígbà tí Ford ṣílẹ̀kùn ní Dagenham ní 1931, àwọn ilé náà di ilé òṣìṣẹ́. Ní 2002 ni wọ́n ṣe mọ́tò odidi kẹ́yìn níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kò dáwọ́ dúró. Ọkọ wọn a máa sọ pé ní òru, ohùn òun nìkan ni òun ń gbọ́ lórí títì Heathway, òun àti Honda òun.

Aago mẹ́ta

Iná ló kàn. Bátìrì tuntun, fólìtì mẹ́fà, nítorí fólìtì mẹ́fà ni wọ́n ṣe máṣíìnì yìí fún. Wọ́n gé ibi tí eku jẹ, wọ́n so wáyà tuntun sí i, àwọ̀ pẹ̀lú àwọ̀. Kọ́ńtáàkì tó ń já iná sí pulọ́ọ̀gì ti ṣú. Bàbá fi fáìlì wẹ́ẹ́rẹ́ ra ojú rẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n sì fi irin ìwọ̀n ṣètò àlàfo rẹ̀ sáàárín mílímítà 0.3 sí 0.4. Wọ́n fi pulọ́ọ̀gì tuntun kan ara irin, ọmọ náà tẹ kíkì. Iná ṣẹ́, ó búlúù, ó ní agbára.

Aago mẹ́rin

Wọ́n da ọ́ìlì dúdú jáde, wọ́n sì fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Kò sí. Ọ́ìlì alùpùpù gan-an ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì wà, oògùn ìyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ ọ́ìlì mọ́tò lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì máa yọ̀. Wọ́n ṣètò tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, wọ́n sì fọ àtẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Aago márùn-ún

Wọ́n so ike epo kékeré kan rọ̀ sókè dípò táǹkì. Ọmọ náà fa ṣókù, ó gun kíkì. Kò dún. Ó tún gùn ún, kò dún. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó na ọwọ́ sí kaburẹ́tọ̀ láti tún un tú.

Bàbá dá a dúró. "Iná, epo, afẹ́fẹ́. Ẹ̀yà mẹ́ta yìí ni kí o máa bi léèrè, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì." Iná wà, gbogbo wa rí i. Wọ́n tú pulọ́ọ̀gì, ó gbẹ táútáú. Epo kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n tọ ọ̀nà epo láti kaburẹ́tọ̀ padà sókè títí wọ́n fi dé ìdérí ike. Ìdérí náà há gádígádí, kò sí ihò tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé rọ́pò epo tó ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà epo dúró sójú kan. Wọ́n tú ìdérí náà díẹ̀. Epo ṣàn.

Lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn náà, ó dún. Èéfín aláwọ̀ búlúù kún ẹnu gàréèjì: ọ́ìlì tí wọ́n rò sínú sílíńdà láàárọ̀ ló ń jóná. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ́. Ọmọ náà ń fò, Màmá ń sunkún ayọ̀, Bàbá sì tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi sukudiráfà yí ìró rẹ̀ sísàlẹ̀ títí ó fi dúró bó ṣe yẹ. Wọ́n wọn iná tó ń wọ bátìrì. Ó ń gba iná.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́

Wọ́n da ásíìdì kúrò nínú táǹkì, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n fi omi sódà pa èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n fi ooru gbẹ ẹ́, wọ́n sì tètè bu epo sí i kí ìpẹtà má bàa padà. Kí wọ́n tó dé e, Bàbá rán ọmọ náà létí ike ọ̀sán. Ó yẹ ìdérí táǹkì wò fúnra rẹ̀: ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti dí. Ó tú u láìsí ẹni tó tún sọ fún un.

Aago méje ààbọ̀

Wọ́n tì í jáde sí àgbàlá. Bàbá rọra gùn ún láti ògiri dé ògiri, wọ́n fa bíréèkì iwájú, ó mú. Wọ́n tẹ ti ẹ̀yìn, ó mú. Wọn kò gbé e dé ọ̀nà ìjọba. Ìwé tó wà lọ́wọ́ DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ṣì sọ pé máṣíìnì náà kò sí lójú títì. Ọjọ́ Ajé ni Màmá yóò lọ sí Post Office láti sọ ọ́ di ọkọ̀ àtijọ́. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí, láti 2018 sì ni àyẹ̀wò MOT kì í ti í ṣe dandan fún un bí wọn kò bá tíì yí i padà púpọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìńṣọ́ránsì, ó sì gbọ́dọ̀ yẹ fún ọ̀nà. Bàbá ní kí wọ́n mú un lọ ṣe MOT náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò béèrè, kí ojú ẹlòmíì lè wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ọmọ náà ní kò kọjá 125cc; yóò ṣe ìdánwò tó ga ju ìyẹn lọ kó tó lè gun ohun bàbá-bàbá rẹ̀.

Irú máṣíìnì báyìí ṣì pọ̀ lẹ́yìn ilé wa, ní Barking, ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló pa wọ́n, ìdúró ni. Àwọn àgbà tó mọ bí a ṣe ń jí wọn ṣì wà láàyè báyìí, wọ́n sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Kí ọmọ tó bá fẹ́ràn irin lọ jókòó tì wọ́n kí ó tó pẹ́ jù. Kí ó ní sùúrù fún ètò tí wọ́n bá là sílẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi bíréèkì.