Ìfun Èèrà àti Ìmọ́lẹ̀ Inú Òkun

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tí ohun tó ń wá kò tètè tẹ̀ lọ́wọ́ la máa ń fi òwe yìí pẹ̀tù sí lọ́kàn, débi pé bí a bá ti gbọ́ ọ, ká jókòó ká máa retí ló ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ẹni inú òwe yìí kò jókòó. Ó mú èèrà lọ́wọ́, ó ń tú inú rẹ̀ wò. Kí ló sì fẹ́ fi ìfun èèrà ṣe? Kò ṣeé sè lọ́bẹ̀, kò ṣeé tà lọ́jà. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Osamu Shimomura, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì tí wọ́n bí lọ́dún 1928, tó ṣèwádìí àwọn ẹ̀dá tó ń tàn nínú òkùnkùn títí ó fi darúgbó. Tannátanná ilẹ̀ wa wà lára irú wọn, àmọ́ ti inú òkun ló gbájú mọ́. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Nagasaki. Ilé iṣẹ́ kan ní Isahaya, tí kò jìnnà púpọ̀ síbẹ̀, ló wà. Ìmọ́lẹ̀ náà gba ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó ti ń lọ sílé, òjò dúdú pa á, ìyá rẹ̀ àgbà sì ní kó lọ wẹ̀ kíá. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn tí bọ́ǹbù bà jẹ́ ló kó wá sí ìtòsí ilé wọn. Ibẹ̀ ló lọ, torí kò rí ibòmíràn lọ.

Lọ́dún 1955, ó dé Yunifásítì Nagoya. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yoshimasa Hirata fún un ní ẹ̀dá òkun bíńtín kan tí wọ́n ti sá gbẹ, Cypridina, pé kó yọ èròjà tó ń mú un tàn, kó sì jẹ́ kó dì ní wóróworo kó lè dá a mọ̀ pé kò sí àdàlù nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ti fi nǹkan bí 20 ọdún wá a tì. Oṣù 10 ni Shimomura fi bá a jà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó da ásíìdì líle sí i, ó fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó ti dì. Ẹ má pè é ní oríire lásán. Àwọn ọ̀nà tó ti gbà tí kò já síbi kan ló gbé e débẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló mú kí Frank Johnson ní Princeton ránṣẹ́ pè é, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1960. Nígbà ooru 1961, wọ́n lọ sí Friday Harbor, ní ìpínlẹ̀ Washington, lọ mú jellyfish kan tó ń jẹ́ Aequorea. Ẹ̀dá yìí rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, etí ara rẹ̀ nìkan ló sì ń tàn. Johnson fẹ́ kí wọ́n wá irú èròjà tó wà nínú Cypridina. Shimomura ní ká wá ohunkóhun tó bá ń tàn, ohun yòówù kó jẹ́. Ọ̀gá kò gbà. Nídìí tábìlì kan náà, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí yóò ti rí lára ọmọ tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ àgbà tọ́. Ó máa ń wa ọkọ̀ kékeré lọ sórí omi láti dá ronú. Níkẹyìn, ó rí i pé ásíìdì díẹ̀ a máa dá ìmọ́lẹ̀ náà dúró láìbà á jẹ́. Nígbà tó da ìyókù omi tó fún lára jellyfish nù sínú síǹkì, búlúù mọ̀nà! Omi òkun ló ń ṣàn sínú síǹkì ọ̀hún, kálísíọ́mù inú rẹ̀ ló sì tanná sí i.

Nǹkan bí 10,000 jellyfish ni wọ́n lò, mílígíráàmù díẹ̀ péré ni wọ́n rí nínú purotéènì tí wọ́n sọ ní aequorin. Níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ ni wọ́n ti rí òmíràn, tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù tó sì ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Wọ́n mẹ́nu bà á lásán nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1962. Shimomura kò fi í sílẹ̀. Òun, Akemi ìyàwó rẹ̀, àtàwọn ọmọ wọn ń fi àwọ̀n kó jellyfish létí omi lọ́dọọdún, títí iye rẹ̀ fi tó nǹkan bí 850,000. Ní 1979 ló tó ṣàlàyé ibi tó ń tàn lára purotéènì aláwọ̀ ewé náà. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò ṣe é torí ìwúlò kankan. Òun fẹ́ mọ ìdí tí jellyfish fi ń tàn ni.

Ìwúlò dé ṣá. Onímọ̀ kan, Douglas Prasher, yọ àbùdá purotéènì náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Ní 1994, Martin Chalfie fi í sínú kòkòrò àìfojúrí àti aràn, wọ́n sì tàn. Roger Tsien wá fún un ní oríṣiríṣi àwọ̀. Lónìí, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ bí jẹjẹrẹ ṣe ń ràn nínú ara ẹran, láìpa ẹran náà. Shimomura, Chalfie àti Tsien ló gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2008. Shimomura kú ní 2018, lẹ́ni 90 ọdún.

Prasher kò sí níbẹ̀, torí ẹni mẹ́ta ni òfin Nobel mọ. Ó ti rí ìwúlò ohun náà ṣáájú àwọn yòókù, ó kọ̀wé béèrè owó ìwádìí, owó náà kò tó, ló bá fún Chalfie àti Tsien ní àbùdá ọ̀hún. Ọkọ̀ akérò ilé ìtajà mọ́tò kan ló ń wà ní Alabama nígbà tí ìròyìn ẹ̀bùn náà jáde. Chalfie àti Tsien ló sanwó kó lè wá bá wọn yọ̀ ní Stockholm. Ní tèmi, ìgbìmọ̀ Nobel kò jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó ń pín owó ìwádìí ló jẹ̀bi.