Oògùn Ale Tí Wọ́n Fún Aboyún Lò

Ìtàn tá a mú wá lónìí kò tíì pẹ́ púpọ̀, àmọ́ ó kan gbogbo ilé tí aboyún wà.

Ọmọ míì wà tí kì í dàgbà bó ṣe yẹ nínú ìyá rẹ̀, torí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ibi ọmọ kò tó. Kò tíì sí oògùn tó dájú fún un. Ńṣe ni àwọn dókítà máa ń ṣọ́ oyún náà, tó bá sì di dandan, wọ́n á gbé ọmọ jáde kó tó pé oṣù.

Ibẹ̀ ni sildenafil ti wọ̀ ọ́. Àìsàn ọkàn ni ilé iṣẹ́ Pfizer kọ́kọ́ fẹ́ fi wò, kí wọ́n tó rí i pé oògùn ale ló jẹ́. Ní 1998, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun la mọ̀ sí Viagra. Torí pé ó máa ń la iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn onímọ̀ rò pé ó lè la ti ibi ọmọ náà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìwádìí STRIDER ní orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ti Netherlands, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ló burú jù. Wọ́n pín àwọn aboyún sọ́nà méjì: àwọn kan gba oògùn, àwọn kan gba hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 2018, obìnrin 93 ti lo oògùn náà. Ọmọ 17 nínú tiwọn ló ní ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró, 11 sì kú. Ní apá kejì, ọmọ 3 péré ló ní irú ìṣòro yẹn, kò sì pa ìkankan nínú wọn. Kíá ni wọ́n dá ìwádìí náà dúró.

Ẹ wò ó dáadáa: èrò rere ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá náà sì fara mọ́ ọn. Ohun tó gba àwọn tó kù sílẹ̀ ni pé ẹnì kan ń kà á. Ní kẹ́mísì àdúgbò, ta ló ń kà á? Àwa tí a jìnnà sílé, tí ìyá àti ìyá ọkọ kò sí nítòsí, ibẹ̀ la sáà máa ń sáré lọ.

Ibà pàápàá máa ń wọ ibi ọmọ, kó má jẹ́ kí ọmọ dàgbà. Oògùn tí wọ́n ń fún aboyún torí ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Fansidar, wọ́n ti dán an wò lára aboyún dáadáa. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ ti gbà á, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n máa wọn ikùn yín.

Ọlọ́run á jẹ́ ká máa gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Àmín.