Carr àti Macaulay Lábẹ́ Òrùlé Kan: Bí Ìwé Ṣíṣọ̀wọ́n Ṣe Kóra Jọ sí Ìbàdàn

Ní 1924, Herbert Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde, ó ní dandan ni kí Henry Carr kúrò nípò. Carr ni Résídẹ́ǹtì Èkó láyé ìgbà náà, ipò tí aláwọ̀ dúdú kì í sábà dé lábẹ́ òyìnbó. Ọ̀ràn Ọba Èṣùgbàyí ti Èkó wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀: Macaulay wà lẹ́yìn ọba, Carr wà lẹ́yìn ìjọba. Àwọn méjì tí wọn ò fẹ́ rí ara wọn sójú yìí ni ìwé wọn wà nínú ilé kan náà lónìí, Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìwé Carr ló kọ́kọ́ dé. Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1863. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó ṣiṣẹ́ abẹ̀wò ilé-ìwé, ó sì ń ra ìwé títí ó fi kú ní 1945. Ìwé tó fi sílẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì kó wọn fún University College Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, èyí tó di Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀hún ò tíì ní ilé gidi. Ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti ń kọ́ni. John Harris, tó wá láti New Zealand, ni laiburéríànì àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1968. Nígbà tí wọ́n kọ́lé sí ààyè tuntun, Maxwell Fry àti Jane Drew tó ya àwòrán rẹ̀ dá ihò sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Kì í ṣe fáàrí: ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ìwé jẹ́ nílẹ̀ wa, kí ikán tó wá parí iṣẹ́.

Macaulay kú ní 1946. Lẹ́tà rẹ̀ àti bébà òṣèlú rẹ̀ náà dé Ìbàdàn.

Lójú tèmi, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1950 ṣe ju àkójọ ìwé èèyàn ńlá lọ. Òfin náà ní kí atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ohun tó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ̀dà ọ̀pọ̀ nínú ìwé tí Carr rà láti ìlú òyìnbó ṣì wà níbòmíràn. Àmọ́ ìwé ewì táṣẹ́rẹ́, ìtàn ìlú, ìwé àjọ̀dún ìjọ, ta ni ì bá tọ́jú wọn? Láti inú wọn ni ilé ìkàwé náà ti ń ṣe àkójọ orúkọ ìwé tó ń jáde ní Nàìjíríà, títí National Library fi gbà á ní 1970.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló ní ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn àfáà tó ní ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá kò ní gbé ohun ìní baba wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1964, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì náà fún irú ìwé bẹ́ẹ̀: wọ́n á yá a, wọ́n á yà á sórí máíkírófíìmù, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí ọgbọ́n tó dáa jù ú lọ títí dòní.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló nílò irú ìtọ́jú yìí jù. Ásíìdì inú bébà rẹ̀ ń sọ ọ́ di pupa, bẹ́ ẹ bá ṣí i, á fọ́ sí yín lọ́wọ́. Tó bá ti di àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, ọgọ́rùn-ún èèyàn lè kà á láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tí àpótí ìwé bàbá-ńlá yín wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ má dáná sun ún. Ẹ ké sí laiburéríànì yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.