Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò: Bẹ̀nẹ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ọdún 2019

Ọ̀kẹ́rẹ́ ni orúkọ ìnagijẹ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ títí di ọdún 2022. Les Écureuils ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Orúkọ yìí ni wọ́n ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní Íjíbítì ní 2019: wọ́n wà lára ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù nínú ìdíje láì borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan.

Kí ó tó di 2019

Ìgbà mẹ́ta ni Bẹ̀nẹ̀ ti lọ ṣáájú: 2004, 2008 àti 2010. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n pàdánù mẹ́jọ, wọ́n sì gbá ọ̀mì kan, 2-2 pẹ̀lú Mòsáńbíìkì. Mòrókò ló nà wọ́n jù, 4-0 ní 2004.

Bí wọ́n ṣe gun igi náà

Ní 2019, ẹgbẹ́ 24 ló kópa fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn kan tó ṣe ipò kẹta sì lè tẹ̀ síwájú. Bẹ̀nẹ̀ gbá ọ̀mì 2-2 pẹ̀lú Gánà, Mickaël Poté ló jẹ góòlù méjèèjì. Lẹ́yìn náà, 0-0 pẹ̀lú Guinea-Bissau àti 0-0 pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Pẹ̀lú àmì mẹ́ta péré, wọ́n wọ ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ.

Mòrókò ni wọ́n bá pàdé níbẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje. Mòrókò ti borí nínú gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀. Moïse Adilehou kọ́kọ́ jẹ góòlù fún Bẹ̀nẹ̀, Youssef En-Nesyri sì dá a padà. Nígbà tí àkókò fẹ́ tán, Mòrókò rí pẹnáritì gbà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù Hakim Ziyech lu òpó. Ní àfikún àkókò, wọ́n lé Khaled Adénon jáde, síbẹ̀ àwọn mẹ́wàá tó kù dúró gbọn-in. Bẹ̀nẹ̀ jẹ pẹnáritì mẹ́rin sí ẹyọ kan. Òwe wa ṣẹ: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá.

Ní ọjọ́ 10, Sẹ̀nẹ̀gàl fi góòlù kan ṣoṣo ti Idrissa Gueye dá wọn dúró.

Ìdí tí a fi ní wọn kò borí

Ọ̀mì ni wọ́n máa ń kọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí pẹnáritì parí sílẹ̀ sí. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 2019 ni ọ̀mì mẹ́rin, ìpàdánù kan, góòlù mẹ́ta.

Orúkọ tuntun

Ní 2022, wọ́n pa orúkọ náà tì, ẹgbẹ́ náà di Les Guépards. Ẹkùn kọ́ ni guépard, nítorí pé ẹkùn ni Faransé ń pè ní léopard. Àmọ̀tẹ́kùn, orúkọ ẹranko tó jọ ẹkùn, ló sún mọ́ ọn jù, òun náà sì ni a ó máa lò lójú ìwé wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìtàn 2019 má ṣe fi orúkọ tuntun bo ti àtijọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló gun igi yẹn, kì í ṣe Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹranko kékeré ni, òun ló sì kọ́kọ́ mú Bẹ̀nẹ̀ dé ibi tí wọn kò dé rí.